Lẹ́tà Ṣíṣí sí Mínísítà Ètò Ìlera: Ẹ Jẹ́ Kí Ìlànà Oúnjẹ Wa Dé Ìdí Ààrò

Sí Mínísítà fún Ètò Ìlera àti Ìgbáyégbádùn Ará Ìlú, Abuja.

Ọ̀gá wa àgbà,

Ẹ kú iṣẹ́ ìlú o. Nọ́ọ̀sì ni mí ní ilé ìwòsàn alábọ́dé kan n'Íbàdàn. Àwọn aboyún, àwọn ọlọ́mọ wẹ́wẹ́ àti àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn ń ru ni mò ń tọ́jú, ọ̀rọ̀ oúnjẹ ni mo sì fẹ́ bá yín sọ. Láti 2001 ni ilé-iṣẹ́ yín ti gbé ìlànà oúnjẹ jáde fún orílẹ̀-èdè yìí. Ìlànà náà dára. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń se oúnjẹ tí a ń jẹ, yálà nílé ni o, ní búkà ni o, kò mọ̀ pé ó wà, bẹ́ẹ̀ nítorí tiwọn gan-an la ṣe kọ ọ́. Mo ń bẹ̀ yín kí ẹ tún un kọ, kí ẹ kọ ọ́ lọ́nà tí ẹni tó ń da ata sínú ìkòkò yóò fi lè lò ó lọ́jọ́ náà gan-an.

Ẹni tó bá ka èyí tó wà nílẹ̀ á rí i pé kì í ṣe ìwé àjèjì. Ó ní kí oúnjẹ wa jẹ́ oríṣiríṣi: ọkà, ẹ̀wà, iṣu àti gbágùúdá, ẹ̀fọ́, èso, ẹja, ẹran tí kò lọ́ràá, títí kan wàrà. Ó ní èso tó bá wà lásìkò ni ká máa jẹ dáadáa. Ó ní ẹni tó ń fi agbára ṣiṣẹ́ ní láti jẹun ju ẹni tó jókòó sí ọ́fíìsì lọ. Ó ní ká dín ọ̀rá ẹran kù, ká dín iyọ̀, ṣúgà àti mágì kù. Kò sí ìyá àgbà kan nílẹ̀ yìí tí yóò gbọ́ ọ tí yóò jiyàn. Mo sì kan sáárá sí ẹni tó rántí fi mágì sínú rẹ̀, torí ẹni náà mọ ilé ìdáná wa. Ohun tó kù ni pé gbólóhùn kan ṣoṣo ló gbà á, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ náà ju gbólóhùn kan lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó ṣẹlẹ̀ lójú mi. Ìyá kan wà tó ń ta aṣọ òkìrìkà, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru. Wọ́n ní kó má jẹ iyọ̀ mọ́, ó sì gbọ́ràn. Nígbà tó padà wá, ẹ̀jẹ̀ náà kò wálẹ̀, ńṣe ló tún gòkè sí i, bẹ́ẹ̀ ó ń lo oògùn rẹ̀ déédéé. Mo ní kó jókòó, kó ṣàlàyé bó ṣe ń se ọbẹ̀ fún mi, láti ìgbà tó bá ti gbé ẹran kaná títí tó fi máa sọ ìkòkò kalẹ̀. Ó ṣàlàyé ẹ̀. Lóòótọ́, kò fọwọ́ kan iyọ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n ọbẹ̀ náà tẹ́, àwọn ọmọ ò sì fẹ́ jẹ ẹ́, ló bá fi mágì bo àbùkù rẹ̀: ó rún un sínú omi ẹran, ó tún rún un sínú ata nígbà tó ń dín in, ó sì tún fọ́n ọn lé e lórí nígbà tí ẹ̀fọ́ wọlé. Ó wò mí lójú, ó ní, "Nọ́ọ̀sì, ẹ ní n má jẹ iyọ̀, n ò jẹ ẹ́." Òótọ́ ọ̀rọ̀ ló sọ. Ìkìlọ̀ tí wọ́n fún un ni kò pé. Ìdajì mágì kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, iyọ̀ ni. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ lóòjọ́ má pé gíráàmù 5, ìyẹn bíi ṣíbí tíì kan, tòun ti èyí tó wà nínú búrẹ́dì àti nínú gbogbo ohun tí a rà jẹ níta. Mágì kékeré onígíráàmù 4 kan ṣoṣo ti kó bíi gíráàmù 2 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sínú ìkòkò kí ẹnikẹ́ni tó ṣí ike iyọ̀.

Mo mọ̀ pé ní 2025 ẹ gbé ìlànà orílẹ̀-èdè kan jáde lórí dídín iyọ̀ kù. Inú mi dùn sí i gidigidi, torí àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe oúnjẹ gbọ́dọ̀ dín iyọ̀ tí wọ́n ń fi sínú ọjà wọn kù, kò ṣeé dá ẹrù yẹn ru aláìsàn nìkan. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, kí ìlànà náà má dúró sí gbọ̀ngán tí wọ́n ti ya fọ́tò. Kó dé Bódìjà, kó dé Ọjà Ọba, kó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń se ìrẹsì fún ìnáwó.

Ẹni tó bá sì ní ká yọ nǹkan kúrò nínú ọbẹ̀ gbọ́dọ̀ sọ ohun tí a ó fi rọ́pò rẹ̀. Ibí yìí gan-an ni ìlànà wa ti kùnà. Kí mágì tó gbòde, irú ló ń mú ọbẹ̀ wa dùn. Irú woro, irú pẹ̀tẹ̀, edé gbígbẹ, ẹja yíyan, àlùbọ́sà tí a bù sí i dáadáa, efinrin, atalẹ̀: ọbẹ̀ tó bá ní mẹ́ta nínú ìwọ̀nyí kì í tẹ́, iyọ̀ ìba díẹ̀ ló kù tó máa fẹ́. Irú tìkára rẹ̀ ní èròjà amáradàgbà àti áyọ́ọ̀nù (iron) tó ń fún ara ní ẹ̀jẹ̀. Lónìí, ọ̀pọ̀ ìyàwó ilé tí kò tíì dàgbà púpọ̀ ló ń tijú òórùn rẹ̀, wọ́n ní oúnjẹ àwọn ará oko ni. Bí ìwé ìjọba bá kọ ọ́ ní gbangba pé irú ni ká máa fi se ọbẹ̀, tí ó sì sọ bí a ṣe ń fọ̀ ọ́ àti ìgbà tó yẹ ká bù ú sí i, ìtìjú yẹn á dín kù.

Lára ògiri ilé ìwòsàn wa, páálí aláwọ̀ mèremère kan wà tí wọ́n kó wá fún wa láti fi kọ́ àwọn aboyún. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ gbogbo rẹ̀. Àwòrán broccoli wà níbẹ̀, strawberry wà níbẹ̀, ife mílíìkì funfun gbàgàdà kan wà níbẹ̀. Kò sí ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ níbẹ̀, kò sí mọ́ínmọ́ín, kò sí ẹja ṣáwá. Aboyún kan nàka sí broccoli yẹn, ó bi mí pé igi wo nìyẹn. Mo dáhùn, mo sì fi ọwọ́ bo àwòrán náà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í dárúkọ ohun tó wà lọ́jà: ṣọkọ, gbúre, ewédú, ebòlò, amúnútutù. Gbogbo wọn dá sí i, kálukú ń sọ èyí tó wà lẹ́yìnkùlé rẹ̀ àti bó ṣe ń sè é. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tó dùn jù tí mo tíì ṣe nìyẹn, bẹ́ẹ̀ wọn ló ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Bákan náà ni ọ̀rọ̀ òṣùwọ̀n rí. Gíráàmù àti mílílítà kò wúlò fún ẹni tó ń fi kóńgò ra gàrí, tó ń fi ìgbákọ bu àmàlà. Ẹ sọ fún wa ní ìgbákọ, ẹ sọ fún wa ní ṣíbí ìjẹun, ẹ sọ ọ́ pé ẹ̀kọ mélòó sí mọ́ínmọ́ín kan, ẹ sọ iye òkèlè sí iye ẹ̀fọ́. Nínú abọ́ ọ̀pọ̀ nínú wa, àmàlà á ga bí òkìtì, ẹ̀fọ́ á wà létí rẹ̀ bí ọ̀ṣọ́. Bí a bá kàn ní ká yí ìyẹn padà díẹ̀, ká bu ìgbákọ kan kúrò nínú àmàlà, ká fi ẹ̀fọ́ ìgbákọ kan dípò rẹ̀, ọ̀pọ̀ ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà ni yóò rí ìyàtọ̀ lára.

Ẹ wo Brazil. Ní 2014, ilé-iṣẹ́ ètò ìlera wọn gbé ìlànà oúnjẹ tuntun jáde, àwọn onímọ̀ Yunifásítì São Paulo sì bá wọn kọ ọ́. Kí wọ́n tó parí rẹ̀, wọ́n gbé e síwájú ará ìlú kí kálukú sọ tẹnu rẹ̀. Kì í ṣe orí protein àti vitamin ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, orí bí oúnjẹ ṣe dé ọwọ́ èèyàn ni. Wọ́n ní kí èyí tó ti oko wá àti èyí tí a fọwọ́ ara wa sè jẹ́ ìpìlẹ̀ oúnjẹ wa. Iyọ̀, ṣúgà àti òróró, díẹ̀díẹ̀ ni ká máa fi sí i. Èyí tí ilé-iṣẹ́ ti fi oríṣiríṣi èròjà pò, tó ti di nǹkan mìíràn pátápátá, bíi ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò àti noodles inú ọ̀rá, ká yẹra fún un. Àwòrán tó wà nínú ìwé náà, àwo oúnjẹ tí ará Brazil ń jẹ lójoojúmọ́ ni, ìrẹsì àti ẹ̀wà ló sì ṣáájú. Wọ́n tilẹ̀ kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí èèyàn máa bá ẹlòmíràn jẹun pọ̀, àti pé iṣẹ́ ilé ìdáná, kí gbogbo ará ilé pín in ṣe, tọkùnrin tobìnrin. Mo fẹ́ràn ibẹ̀ yẹn púpọ̀, torí mo mọ iye obìnrin tó ń ra noodles fún ọmọ lálẹ́ nítorí pé àárẹ̀ ti mú un, kì í ṣe nítorí pé kò mọ ohun tó dára.

Àwọn ọmọ wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Bahia, ní Brazil kan náà, ló gbé àkàrà dé ilẹ̀ yẹn. Títí dòní, obìnrin ṣì ń fi epo pupa dín in ní ìgboro Salvador, olú ìlú Bahia. Bí àwọn yẹn bá lè kọ ìlànà láti inú ìkòkò tiwọn, kí ló dé tí àwa tí àkàrà ti ọ̀dọ̀ wa lọ ń wo àwòrán strawberry?

Ibi tó ń ká mi lára jù ni ti àwọn ọmọ wẹ́wẹ́. NDHS ti 2018, ìyẹn ìwádìí tí wọ́n ń ṣe káàkiri orílẹ̀-èdè lórí ìlera àwọn ìdílé, fi hàn pé nínú ọmọ 100 tí kò tíì pé ọdún 5 nílẹ̀ yìí, 37 ló kúrú ju bó ṣe yẹ kí ọjọ́ orí wọn rí lọ. Nígbà tí wọ́n tún ṣe é ní 2023 sí 2024, ó ti di 40. Ọmọ tó bá kúrú báyìí, kì í ṣe gíga nìkan ló pàdánù. Ọpọlọ rẹ̀ náà ń jìyà, kì í sì í rọrùn láti dá a padà lẹ́yìn ọdún méjì àkọ́kọ́. Ohun tí mo máa ń rí ni pé oṣù mẹ́fà tí a ní kí wọ́n fi ọmú nìkan bọ́ ọmọ kì í pé kí omi àti àgbo tó wọlé, àwọn àgbà ilé á ní ooru ń mú ọmọ. Bí oṣù mẹ́fà náà bá wá pé, ẹ̀kọ mímu tó ṣàn bí omi, tí wọ́n fi ṣúgà sí, ni ọmọ á máa mu láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́. Ikùn á kún, ara ò ní rí nǹkan kan mú.

Ohun tí a máa ń ṣe ní tiwa ni pé a máa ń gbé sítóòfù síta, a ó po ọ̀gì kó ki títí tó fi lè dúró lórí ṣíbí láìṣàn dànù. A ó gún edé gbígbẹ tàbí ẹja yíyan kúnná, a ó rò ó mọ́ ẹ̀pà tí a lọ̀ àti epo pupa díẹ̀. Ìyá kọ̀ọ̀kan á tọ́ ọ wò, á fún ọmọ tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló máa ń lá ṣíbí náà mọ́ kedere. Kò sí ohun tó wọ̀lú wá nínú rẹ̀, gbogbo rẹ̀ wà nílé àwọn ìyá yìí tẹ́lẹ̀. Ìgbà mìíràn, bí a bá ní kí wọ́n fi ẹyin sí i, ìyá ọkọ kan á ní ọmọ tó bá ń jẹ ẹyin àti ẹran yóò di olè. Àwọn àgbà ló fi ìyẹn kọ́ wọn, mi ò lè bú wọn, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ìwé ìjọba dá wọn lóhùn tààrà pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kí n lè ṣí i fún wọn pé ẹ wò ó. Bí ìlànà bá dákẹ́ lórí ohun tí àwọn èèyàn gbà gbọ́, ìgbàgbọ́ yẹn ni yóò máa bọ́ ọmọ.

Mo mọ ohun tí ẹni tó bá gbọ́ lẹ́tà yìí lọ́jà yóò sọ. Á ní, nọ́ọ̀sì, owó dà? Òótọ́ ni. NBS tó ń rí sí ìṣirò nílẹ̀ wa ti ń ṣírò iye tó kéré jù tí àgbàlagbà kan lè ná lóòjọ́ láti jẹun tó péye. Láàárín 2024, ó ti kọjá 1,000 náírà. Owó oṣù tó kéré jù tí òfin gbé kalẹ̀ ní oṣù keje ọdún yẹn, 70,000 náírà ni. Tọkọtaya kan, láìtíì ka ọmọ mọ́ ọn, á ti ná ju 60,000 lọ sórí oúnjẹ lóṣù, ilé gbígbé ń bẹ níbẹ̀, ọkọ̀ wíwọ̀ ń bẹ níbẹ̀. Nítorí náà, ìlànà tó bá kàn ní "ẹ máa jẹ ẹyin, ẹran àti èso" láìwo àpò ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀, ẹni náà á kàn mí kanlẹ̀ ni, á sì gbé e sọnù. Kí ìwé náà máa bá ìgbà rìn: ẹ̀fọ́ tó pọ̀ lásìkò òjò, agbálùmọ̀ lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, máńgòrò tó bá ti dé, ṣáwá dípò ẹja olówó gọbọi, ẹ̀wà nígbà tí ìkórè bá mú owó rẹ̀ wálẹ̀. Ẹ̀yin náà sì gbọ́dọ̀ bá Mínísítà fún ètò ọ̀gbìn jókòó, torí owó ẹ̀wà wà lára ètò ìlera.

Nígbà tí oúnjẹ gidi ń wọ́n, ohun tí kò ṣe ara lóore wà nítòsí lówó pọ́ọ́kú. Òfin ìṣúná ti 2021 fi owó orí 10 náírà lé lítà ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò kan. Ìyẹn ni pé lórí ìgò 50cl tí ọmọ ilé-ìwé ń rà, 5 náírà péré ni. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní owó orí tó máa fi ó kéré tán ìdá 20 nínú 100 kún owó rẹ̀ ló lè mú kí èèyàn rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ tiwọn ní 2018, iye ṣúgà tó wà nínú rẹ̀ ni wọ́n wò: bí ṣúgà bá ṣe pọ̀ tó ni owó orí á ṣe pọ̀ tó. Kí òfin náà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rárá, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ti yára dín ṣúgà wọn kù. Àwọn ọmọ wa tó wà ní London ń jẹ àǹfààní ìyẹn, ó yẹ kí àwọn tó wà ní Mọ́kọ́lá náà jẹ ẹ́. Kí owó tó bá sì jáde níbẹ̀ lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn tó ní ìtọ̀ ṣúgà, torí mo ń rí àwọn tó ń ṣún oògùn lò, tí wọ́n ń lo èyí tó yẹ kí wọ́n lò lójoojúmọ́ ní ọjọ́ méjì méjì kó má baà tètè tán.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé kò ṣeé ṣe níbí. Àwọn àgbà rántí ìgbà tí gẹ̀gẹ̀ wọ́pọ̀ lọ́rùn àwọn èèyàn. Láti 1993 ni ìjọba ti mú un lọ́ranyàn pé kí wọ́n máa fi áyódíìnì, èròjà tó ń dènà gẹ̀gẹ̀, sínú iyọ̀ tí a ń jẹ. Kò sí ìyá kan tó ka ìwé kankan kó tó rí àǹfààní rẹ̀, ó kàn ra iyọ̀ bó ṣe ń rà á tẹ́lẹ̀ ni. Ìlànà NAFDAC ti 2022 lórí ọ̀rá àti òróró náà, tó ní trans fat, irú ọ̀rá tí ilé-iṣẹ́ ń ṣe tó ń ba ọkàn jẹ́, kò gbọ́dọ̀ ju gíráàmù 2 lọ nínú gíráàmù 100 ọ̀rá, irú rẹ̀ ni. Ẹ fi ọwọ́ tó le mú un.

Ilé-ìwé ńkọ́? Ọ̀ṣun ti bẹ̀rẹ̀ O'MEALS, ètò oúnjẹ ọ̀fẹ́ fún àwọn ọmọ ilé-ìwé, ní 2012, ìjọba àpapọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ fún àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní 2016. Abọ́ tí ọmọ kan bá jẹ nílé-ìwé ni ìlànà oúnjẹ tó máa kọ́kọ́ rí láyé rẹ̀, ó yẹ kí ìwé yín jẹ́ òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń se é. Ní Brazil, òfin 2009 ló kọ́kọ́ ní ó kéré tán ìdá 30 nínú 100 owó tí ìjọba àpapọ̀ bá fi ra oúnjẹ ilé-ìwé gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ àgbẹ̀ kéékèèké. Ẹ rò ó wò fún àwọn àgbẹ̀ wa ní Ìṣẹ́yìn àti Ògbómọ̀ṣọ́.

Nígbà tí ẹ bá máa pe ìgbìmọ̀ tí yóò tún ìlànà náà kọ, ẹ jọ̀ọ́, kí ó má jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n àti dókítà nìkan ni yóò jókòó síbẹ̀. Ẹ pe ìyálọ́jà. Ẹ pe olóúnjẹ tó ń se ìkòkò ńlá fún àwọn awakọ̀. Ẹ pe sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò tó mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ tí ará ọjà á dúró gbọ́. Kí wọ́n kọ ọ́ ní Yorùbá, Haúsá, Ígbò àti àwọn èdè wa tó kù láti ìbẹ̀rẹ̀, kì í ṣe pé kí wọ́n kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì tán kí wọ́n tó wá ògbufọ̀. Kí ó sì kéré tó láti wọ àpò aṣọ iṣẹ́ mi.

Ọjọ́rú ni ọjọ́ àwọn aboyún lọ́dọ̀ wa. Bí àwọn tó ń kọ ọ́ bá fẹ́ wá kà á sétí àwọn ìyá yìí kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, ààyè wà fún wọn. Kí wọ́n ṣáà tètè dé, kí aago 9 àárọ̀ tó lù, torí àwọn tó ní ìsọ̀ lọ́jà kì í dúró pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Nọ́ọ̀sì kan n'Íbàdàn